Àwọn Tó Ṣẹ́kù ní Àgbàlá

Òkú náà tún ti kọ̀wé.

Ìńsípẹ́kítọ̀ Dúróríkẹ́ kò tíì fọ ẹnu tán láàárọ̀ ọjọ́ náà tí fóònù rẹ̀ fi dún lórí àga. Ó nawọ́ gbé e, ó wo orúkọ tó wà lókè ímeèlì náà, ó sì rọra jókòó. Samsudeen, Ìpapó. Ọ̀rọ̀ ebè ni Samsudeen ń sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní àwọn tó ń pariwo pé ebè kékeré ti tó fún iṣu kò tíì kọ ebè rí láyé wọn, kí wọ́n wá sí oko òun kí àwọn jọ wò ó. Ó kí tọmọdé tàgbà, ó sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́tà tó dára ni, ká má parọ́. Ohun tó kàn burú níbẹ̀ ni pé Samsudeen ti kú láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Dúróríkẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ sí Ìpapó, ó ti dúró létí sàréè ọkùnrin náà lẹ́yìnkùlé, ó sì ti rí i pé koríko ti bo apá kan rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú pé òun ló ń fi orúkọ Samsudeen kọ̀wé wà ní àtìmọ́lé láti àná, kò sì sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kó sínú aṣọ, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Tíṣà Fádáre ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, Ṣakí ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ ti kú, Fìyìnfólúwa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti sọdá òkun. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ojú fi tì í. Nígbà tó dé àgọ́ àwọn Dúróríkẹ́ ní Ìsẹ́yìn, gbogbo wọn ló tún rẹ́rìn-ín, àfi Dúróríkẹ́. Obìnrin náà kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà ló máa ń bó bó bá ń ronú, ó sì ti ń bó ẹ̀pà kí bàbá náà tó jókòó.

"Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, Bàbá," ló wí.

Bàbá ṣàlàyé. Ó ti lé lógún ọdún tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ti dá ẹgbẹ́ ìjíròrò kan sílẹ̀ lórí ímeèlì, tí wọ́n pè ní Àgbàlá Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yóò fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò rí i, ẹni tó bá wù yóò sì dá a lóhùn. Nígbà yẹn, bí ẹnìkan bá ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Ṣakí láàárọ̀, àwọn tó wà ní Kánádà yóò ti bá a fà á kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n jà lórí ọ̀nà tí kò dáa, wọ́n jà lórí iyán àti ọkà, wọ́n bára wọn yọ̀, wọ́n bára wọn sunkún. Lẹ́yìn náà ni Fesibúùkù dé, Wasáàpù sì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ń fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan láìdágbére, títí ó fi ku ẹni mẹ́fà: Tíṣà Fádáre fúnra rẹ̀, Alájà Àwáwù tó ń ta òfì ní Ìsẹ́yìn, tó tún jẹ́ igbákejì rẹ̀, Samsudeen àgbẹ̀ Ìpapó, Ọ̀jẹ̀ládé oníṣòwò Ìjìó, Òkè ọdẹ Irawo, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀, ní Kánádà.

"Àwọn wọ̀nyẹn ló kù fún mi láyé," Tíṣà sọ. "Bí mo bá jí, màá ka ohun tí wọ́n kọ, màá dá wọn lóhùn. Ìgbà tí mo lọ kí Samsudeen nílé rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, opó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní ṣé n kò gbọ́ ni."

"Báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ bí ọ̀kan nínú yín bá kú?"

"A ní òfin. Ẹni tó bá súnmọ́ òkú jù lọ ni yóò kéde rẹ̀ ní Àgbàlá. Oníkálukú yóò kọ gbólóhùn kan péré nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ò ní í jiyàn kankan fún ọjọ́ méje. Bó bá pé, ẹni tó kéde yóò kọ 'Ẹ kú ilé o', ọ̀rọ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀. A ò kéde Samsudeen. Ọ̀rọ̀ ló ń bá wa sọ." Bàbá náà gbé ojú sókè. "Ọmọ mi, ta ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta?"

"Ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Ó ti kọjá ẹ̀rù. Bí Àgbàlá bá tú, kò sí ibi tí mo tún ń lọ mọ́."

Ó fi orúkọ Dúróríkẹ́ kún ẹgbẹ́ náà kó lè máa rí gbogbo lẹ́tà, títí kan èyí tí wọ́n ti kọ sẹ́yìn, ó sì padà sí Ṣakí.

Ọ̀gá àgọ́ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá fóònù olóògbé. Sodiqat, opó Samsudeen, ní òun ti gbé e fún Dayọ̀ tó ń tún fóònù ṣe níwájú ọjà Ìpapó. Bí wọ́n ṣe lọ mú Dayọ̀ nìyẹn. Ọ̀gá ní ọmọ yàhúù ni, pé ó ń fi orúkọ òkú lu jìbìtì.

Nígbà tí Dúróríkẹ́ dé àgọ́, Morẹ́nikẹ́, ìyàwó Dayọ̀, ti wà lábẹ́ igi igbá tó wà níwájú ibẹ̀, ó pọn ọmọ, ó gbé abọ́ oúnjẹ lé itan. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn dìde dúró, ó kúnlẹ̀, ó tún jókòó.

"Ọ̀gá, Samsudeen kọ̀wé láàárọ̀ yìí," Dúróríkẹ́ sọ nígbà tó wọlé. "Ọ̀dọ̀ wa ni Dayọ̀ sùn."

"Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é."

"Ta ni wọ́n ti lù ní jìbìtì?"

"Ìyẹn ni kí o lọ wá. Bí o ò bá rí ẹlòmíì mú wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ń gbé e lọ sí Ìbàdàn."

Nínú àtìmọ́lé, Dayọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Fóònù Samsudeen dà?"

"Bátìrì rẹ̀ ti wú nígbà tí Ìyá Rùkáyàt, opó rẹ̀, gbé e wá, Màdáàmù. Mo yọ gíláàsì ojú rẹ̀ fún ẹlòmíì. Èyí tó kù wà nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ímeèlì tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Dayọ̀ wò ó bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ẹṣin. "Ímeèlì? Ta ló ń fi ìyẹn bá ara wọn sọ̀rọ̀? Báńkì ló ń fi í ránṣẹ́ sí èèyàn."

"Ṣé ìwọ náà kì í lò ó?"

"Mo ṣí i nígbà tí mo ra fóònù, torí fóònù ní kí n ṣí i. N kò padà débẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lérí. "Màdáàmù, kí ni mo ṣe gan-an? Ẹ sọ ọ́ fún mi kí n lè mọ ohun tí mo máa bẹ̀bẹ̀ fún."

Ó ti dá Dúróríkẹ́ lójú pé ọ̀dọ́kùnrin náà ò mọ nǹkan kan. Bó bá dé Ìbàdàn láìsí ẹni tó máa gbèjà rẹ̀, ta ló mọ ìgbà tó tún máa rí oòrùn. Ohun tó mú inú bí i jù ni pé nítorí lẹ́tà ebè ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ kí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀tá òkú. Nínú gbogbo àwọn tó ń kọ̀wé ní Àgbàlá, Ọ̀jẹ̀ládé ti Ìjìó ló máa ń ta ko Samsudeen jù. Bí Samsudeen bá ní ọ̀tún, Ọ̀jẹ̀ládé á ní òsì. Ṣé kì í ṣe òun ló jí orúkọ ọkùnrin náà láti máa fi í ṣe ẹlẹ́yà? Dúróríkẹ́ wọkọ̀, ó gba ọ̀nà Ìganná, eruku bò ó títí ó fi dé Ìjìó.

Ọ̀jẹ̀ládé jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ń wo àwọn tó ń kó àgbàdo sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè. Ọkùnrin ńlá ni, ó yá mọ́ èèyàn.

"Ẹ̀yin lẹ ń bá Samsudeen jà lórí ebè," Dúróríkẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ebè wo?"

Dúróríkẹ́ gbé fóònù fún un. Ọ̀jẹ̀ládé ka lẹ́tà tó ní orúkọ òun, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. "Ohun tí mo máa sọ gan-an nìyí. Àní, ibi tí mo ti máa búra gan-an ló ti búra." Ó tún un kà, ẹ̀rín náà sì ń lọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Ẹ̀yin kọ́?"

"Láti ìgbà tí ọmọ mi ti ra fóònù ńlá yìí fún mi ni n kò ti dé Àgbàlá mọ́. Mo sọ fún Tíṣà nígbà yẹn pé mo ń lọ. Wasáàpù ni gbogbo ayé wà nísìnyí."

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Ọ̀jẹ̀ládé ṣí i, ó fi hàn án. Àwòrán òdòdó pẹ̀lú àdúrà ọjọ́ Ẹtì. Ẹnìkan ń ta àgbo. Ẹnìkan ṣe ọjọ́ ìbí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi àwòrán àkàrà òyìnbó ránṣẹ́ sí i. "Èèyàn pọ̀ níbẹ̀ o. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, lórí bí ọ̀nà wa ṣe bàjẹ́. Wọ́n ní kí n fi ẹnu sọ ọ́ ránṣẹ́, pé ta ló fẹ́ ka gbogbo ìyẹn."

"Ṣé ẹ fi ẹnu sọ ọ́?"

"Mo dákẹ́ ni." Ó dá fóònù padà fún un. "Bí ẹ bá ń padà lọ, ẹ bá mi yà kí Samsudeen ní Ìpapó. Ẹ ní mo ń bọ̀ wá wo ebè ńlá rẹ̀."

Dúróríkẹ́ ti rò pé Ọ̀jẹ̀ládé mọ̀ pé ọkùnrin náà ti kú. Ó wá di dandan kó sọ ọ́ fún un. Ọ̀jẹ̀ládé gbọ́ ọ, ó sì ń wo ibi tí wọ́n ti ń kó àgbàdo bí ẹni pé òun ò gbọ́.

"Ọdún mẹ́ta," ló wí nígbà tó yá. "Èmi àti ẹ̀ jọ jà tó bẹ́ẹ̀. Kò wá sí ẹnì kan tó lè sọ fún mi?"

Dúróríkẹ́ kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó padà sínú ọkọ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Òkú ń kọ̀wé, alààyè tí kò kọ̀wé náà ń kọ̀wé. Inú bíbàjẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó fi etí sí gbólóhùn kan tí Ọ̀jẹ̀ládé sọ, tó sì yẹ kó ti dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́, ó da ẹ̀pà sórí àga, ó sì ń ka lẹ́tà Àgbàlá láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wá àṣìṣe nínú ohun tí wọ́n kọ, torí ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́n, ó mọ bí olúkúlùkù wọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó wá fi ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọjọ́ tí wọn kò kọ nǹkan kan.

Alájà Àwáwù kì í kọ̀wé lọ́jọ́ ọjà òfì Ìsẹ́yìn. Ìyẹn kò yani lẹ́nu, òfì ló ń tà, ọwọ́ rẹ̀ á dí. Ṣùgbọ́n Samsudeen náà kì í kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í kọ. Dúróríkẹ́ padà sẹ́yìn sí oṣù tó kọjá, ó tún padà sí ọdún tó kọjá. Bákan náà ló rí. Bí ọjà òfì bá ti ná, Ìmọ́lẹ̀ á dákẹ́ ní Kánádà.

Kí ló kan ará Kánádà pẹ̀lú ọjọ́ ọjà òfì?

Ó rántí ohun tí Sodiqat sọ fún un létí sàréè, tí kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí nígbà yẹn. Obìnrin náà ní ọkọ òun kò mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ rárá, pé Ìsẹ́yìn ló ti máa ń lọ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bá a kọ ọ́. Dúróríkẹ́ gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó dìde. Ó bi ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kí ni Alájà Àwáwù ń ṣe kó tó máa ta òfì.

"Òun ló kọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà níbí," ọlọ́pàá náà dáhùn. "Ibẹ̀ la ti máa ń lọ wo èsì ìdánwò."

Alájà Àwáwù ń ká òfì nígbà tí Dúróríkẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fún un ní àga, ó bu omi fún un. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ kan wà lórí tábìlì, wọ́n fi òfì bò ó.

"Alájà, ọmọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé lọ́dọ̀ wa. Dayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ń kọ ohun tí Samsudeen ń kọ."

Ọwọ́ Alájà dúró lórí aṣọ. "Àtìmọ́lé?"

"Lọ́la ni wọ́n ń gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ìyàwó rẹ̀ wà níta pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn."

"Èmi ni," Alájà wí. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ lọ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni."

"Samsudeen àti Ìmọ́lẹ̀?"

"Àwọn méjèèjì." Ó jókòó sórí ìdì òfì. "Ìmọ́lẹ̀ ò kú. Ó wà lórí Fesibúùkù, ó ń ta ọṣẹ. Mo kọ̀wé sí i títí pé kó padà wálé, kò dá mi lóhùn. Èmi ni mo ṣí ímeèlì fún un kó tó lọ, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Samsudeen ńkọ́?"

"Èmi ni mo ti ń bá a kọ̀wé látìbẹ̀rẹ̀. Ó máa jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, á sọ, màá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ò yá mọ́, ó ń fi fóònù pè mí. Nígbà tí ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́, ó ní ṣebí mo mọ ohun tí òun máa sọ, kí n máa sọ ọ́." Ó fi etí òfì nu ojú. "Ọjọ́ tó kú, mo kọ ìkéde náà tán. Mo wò ó. Mo ní ta ló máa dáhùn? Lákòókò kan, bí ẹnìkan bá kú ní Àgbàlá, a ò lè ka gbólóhùn tí wọ́n ń kọ tán lóòjọ́. Ti Samsudeen, èèyàn mẹ́ta ló máa kọ ọ́, bó bá pọ̀ tán. Ó ṣe mí bíi pé mo fẹ́ lọ sin ọkùnrin náà, kí n wẹ̀yìn kí n má rí ẹnì kankan. N kò lè fi í ránṣẹ́. Mo pa á rẹ́, mo wá kọ̀wé lórúkọ rẹ̀ pé ara òun ti yá."

Dúróríkẹ́ ti mú ọ̀daràn tó pọ̀, kò sí èyí tó ṣe é báyìí rí.

"Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá yín," Alájà bẹ̀ ẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Tíṣà mọ̀ pé èmi ni. Òun ni mo ń rò. Ó ṣì ní Ọ̀jẹ̀ládé àti Òkè tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, wọn ò jẹ́ kó dá wà."

"Ta ló ń kọ ti Ọ̀jẹ̀ládé, Alájà?"

"Ọ̀jẹ̀ládé fúnra rẹ̀ ni. Ta ló tún máa kọ ọ́?"

Ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ Dúróríkẹ́ kò dé ẹnu rẹ̀ mọ́. Gbólóhùn tó sọ nù ní Ìjìó padà wá bá a: Mo sọ fún Tíṣà nígbà yẹn pé mo ń lọ. Tíṣà mọ̀ pé Ọ̀jẹ̀ládé ti kúrò. Síbẹ̀, Tíṣà ń dá Ọ̀jẹ̀ládé lóhùn lójoojúmọ́.

Ó fa fóònù yọ, ó wá lẹ́tà àkókò òjò tó kọjá, nígbà tí ìjì wó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ṣakí tí gbogbo ìlú fi dákẹ́. Kò ní láti wò ó pẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, Samsudeen kọ̀wé láti inú sàréè, Ìmọ́lẹ̀ náà kọ̀wé. Tíṣà kò kọ. Ọ̀jẹ̀ládé ti Ìjìó kò kọ. Òkè ti Irawo kò kọ. Nǹkan kan ò sì ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìjìó àti ti Irawo nígbà náà.

"Kí ló dé?" Alájà béèrè.

"Kò sí nǹkan, Alájà," Dúróríkẹ́ dáhùn. Irọ́ ni, ó sì dùn ún bó ṣe pa á.

Wọ́n tú Dayọ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀gá àgọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Alájà tán, ó béèrè pé èèyàn wo ni wọ́n wá rẹ́ jẹ, Dúróríkẹ́ ní kò sí. Ọ̀gá yọ fìlà, ó tún un dé, ó ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà tì. Kò sọ fún Dayọ̀ pé pẹ̀lẹ́. Dayọ̀ jáde sábẹ́ igi igbá, Morẹ́nikẹ́ ṣí abọ́ oúnjẹ fún un, ó ní ebi ò pa òun. Wọ́n ti jí gbogbo fóònù oníbàárà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó lọ nígbà tí kò sí nílé, kò sì mọ bí òun ṣe máa padà wojú àwọn ará Ìpapó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Dúróríkẹ́ lọ sí Ṣakí. Kò sí ẹni tó rán an. Bàbá náà ló bi í ní ìbéèrè, ó sì ti rí ìdáhùn.

Ìdí àpáta ni ilé Tíṣà Fádáre wà. Ó ti tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbá, ó ti gbé àga síta bí ẹni tó ń retí àlejò. Nígbà tó rí ojú Dúróríkẹ́, ó kúkú jókòó.

"O ti mọ̀," Tíṣà wí.

"Mo ti dé Ìjìó, Bàbá."

"Ṣé ara Ọ̀jẹ̀ládé le?"

"Ó le. Ó ní ohun tí òun máa sọ gan-an lẹ kọ."

Inú bàbá náà dùn sí i, ó hàn lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìdùnnú náà fi kúrò. "Ojú Òkè ti fọ́, kò lè rí nǹkan kà mọ́. Ọ̀jẹ̀ládé ní òun ti ní fóònù. Mo ní bí Samsudeen àti Ìmọ́lẹ̀ àti Àwáwù bá rí i pé àwọn méjì yìí ti lọ, àwọn náà á lọ. Mo ní kí n kàn dí àyè wọn mú fún ìgbà díẹ̀. Ṣebí mo ti mọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tipẹ́." Ó gbé ọwọ́ sórí orúnkún. "Nítorí Samsudeen ni mo fi ń kọ ti Ọ̀jẹ̀ládé, kó lè rí ẹni bá jà. Ìgbà tí opó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni mo wá bi ara mi pé, ẹni tí mo ń ṣe gbogbo èyí fún, ta ni?"

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lẹ ṣẹ̀, ẹ wá pe ọlọ́pàá."

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kankan ṣì wà níbẹ̀ ni."

Dúróríkẹ́ sọ ọ́ fún un. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì fi nǹkan kan pamọ́: Samsudeen, Ìmọ́lẹ̀, Alájà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi òfì bò. Tíṣà Fádáre tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀.

"Èmi àti Àwáwù nìkan," ló wí. "A wá jókòó ti ara wa, oníkálukú ń gbé èèyàn kalẹ̀ fún ẹnìkejì."

"Ẹ ṣì wà ní ẹni méjì, Bàbá. Ẹ lè máa bá a lọ ní orúkọ ara yín."

"Ká máa sọ kí ni? Bí mo bá kọ̀wé báyìí, màá máa ronú pé àánú mi ló fi ń dáhùn. Òun náà á máa rò bẹ́ẹ̀." Ó mi orí. "O ti ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa, ọmọ mi. Máa lọ kí oòrùn tó mú."

Dúróríkẹ́ kò tíì dé Ìsẹ́yìn tí fóònù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Tíṣà Fádáre ló ń kọ̀wé, ní orúkọ ara rẹ̀. Ó kéde pé Samsudeen, àgbẹ̀ Ìpapó, ti kú, ó sì kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀: pé kò fi irọ́ jiyàn rí. Ó kéde pé ojú Òkè ti fọ́, kò ní í wá mọ́. Ó kéde pé Ọ̀jẹ̀ládé àti Ìmọ́lẹ̀ ti kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n lọ ní àlàáfíà. Nígbà náà ni Alájà Àwáwù tó mọ̀ pé Tíṣà ló ń kọ ti Ọ̀jẹ̀ládé àti ti Òkè. Èsì rẹ̀ ò tètè dé, ṣùgbọ́n ó dé. Ó kọ gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fún Ọ̀jẹ̀ládé, ó kọ ọ́ pé òun gbádùn ìjà rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn, Àgbàlá dákẹ́, bí òfin wọn ṣe sọ. Dúróríkẹ́ lọ mú olè ewúrẹ́, ó parí ìjà ààlà ilẹ̀, ó ń ka ọjọ́ nínú ara rẹ̀ láìsọ fún ẹnì kankan. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ó gbé fóònù sójú láti àárọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó kéde kí gbogbo ilé, kí ọ̀rọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, kò sí nǹkan kan. Oòrùn ń lọ sílẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Ó ro ti bàbá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti gbá, ó ro ti Alájà láàárín òfì. Òun ló rí òtítọ́, òun ló sì pa ilé wọn. Kì í ṣe ọmọ Àgbàlá lóòótọ́, wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ kún un nítorí òkú kan ni. Síbẹ̀ ó ṣí ímeèlì, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: Ẹ kú ilé o. Ó fi í ránṣẹ́.

Èsì dé kíá. Ẹ̀rọ ló dá a lóhùn, ó ní lẹ́tà náà kò lè lọ, pé kò sí ẹgbẹ́ kankan ní àdírẹ́sì yìí mọ́.